Màmá Àrìnpé Lórí Àpò Ìrẹsì

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń ka ìtàn yìí, mo kí yín ní orúkọ Olúwa. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run tó dá ẹ̀mí wa sí. Ẹ fún mi ní etí yín díẹ̀.

"Lábísí, ìyá mi, ìgbà wo lo máa mú mi lọ sí Ìlaró? Dinah ò gbádùn, ẹsẹ̀ mi nìkan ò sì lè gbé mi débẹ̀."

"Tí mo bá ráyè, Màmá."

Báyìí ni wọ́n ṣe máa ń sọ ọ́ lẹ́yìn àdúrà òwúrọ̀ ní Owódé, lásìkò tí ìjọba ti bodè pa. Ọjà ò sí mọ́ ní Ìdí-Ìrókò. Àwọn ọ̀dọ́ ń kó lọ sí Èkó, àwọn arúgbó ló sì kù tó ń gbé orin ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ìyá Lábísí náà ti lọ, ó fi í sílẹ̀ lọ́dọ̀ Màmá Àrìnpé, ìyá tó bí òun fúnra rẹ̀. Dinah nìkan ni àbúrò tó kù fún Màmá láyé.

Lọ́jọ́ kan, Bánjí, ọmọ àdúgbò tó ń fi mọ́tò ṣe fàyàwọ́ ìrẹsì, dá Lábísí dúró lẹ́yìn ilé ìwé.

"Yá mi ní ìyá àgbà yín. Kọ́sítọ́ọ̀mù kì í ní kí arúgbó sọ̀ kalẹ̀. Ẹ̀rù ń bà wọ́n kó má lọ kú sí wọn lọ́wọ́."

Lábísí rẹ́rìn-ín. "Ṣé àga ni ìyá mi tí o fẹ́ yá?"

"Wọ́n kàn máa jókòó ni. Owó WAEC rẹ ńkọ́?"

Ẹ̀rín Lábísí dáwọ́ dúró. Nígbà tó délé, ó ní, "Màmá, mo ti ráyè. A ń lọ sí Ìlaró lọ́la."

Màmá lọ ra ẹja gbígbẹ tí Dinah fẹ́ràn. Ó wọ aṣọ tó máa ń wọ̀ lọ jẹ oúnjẹ alẹ́ Olúwa. Bánjí ti yọ àga ẹ̀yìn mọ́tò, ó to àpò ìrẹsì síbẹ̀, ó sì tẹ́ aṣọ lé e.

"Ìjókòó mọ́tò rẹ le o, Bánjí."

"Mọ́tò àtijọ́ ni, Màmá."

"Bíi tèmi náà," ni Màmá wí, inú rẹ̀ ń dùn.

Kọ́sítọ́ọ̀mù dá wọn dúró lójú ọ̀nà. Bánjí ní, "Ọ̀gá, àìsàn ló ń ṣe màmá wa. Ọsibítù la ń gbé wọn lọ."

Màmá yíjú sí Lábísí. Ó ki ọwọ́ bọ abẹ́ aṣọ tó jókòó lé, ìrẹsì sì yẹ̀ lábẹ́ ìka rẹ̀ nínú àpò. Ojú Lábísí ti rẹ̀ sílẹ̀.

Ọ̀gá náà tẹ orí wọlé. "Màmá, ibo ló ń dùn yín?"

Màmá di ojú. "Gbogbo ara," ló wí.

"Ẹ tètè máa gbé wọn lọ. Ọlọ́run á fún yín ní àlàáfíà, Màmá."

Màmá kò ṣe àmín.

Ní Ìlaró, bí wọ́n ṣe já ìrẹsì tán, Bánjí gbọ́ lórí fóònù pé sójà ń bọ̀ lójú ọ̀nà. Ó ní kí wọ́n padà kíá.

"Ilé Dinah ò jìnnà síbí," ni Màmá wí. Ó tẹjú mọ́ Lábísí.

Lábísí mọ̀ pé àwọn lè sọ̀ kalẹ̀ kí Bánjí máa lọ. Ṣùgbọ́n Bánjí kò tíì fún un lówó. "Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, Màmá. Mo ṣèlérí."

Màmá gbé ẹja rẹ̀ lé itan padà sí Owódé.

Kí ọ̀sẹ̀ náà tó pé, wọ́n pè láti Ìlaró pé Dinah ti sùn nínú Olúwa.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, Lábísí dá orin àdúrà, òun nìkan ló ń kọ ọ́. "Màmá, ẹ ò gbè é."

"Àbúrò mi wà lórí àìsàn, èmi wá ń pe ara mi ní aláìsàn."

Lábísí wólẹ̀, ó ń sunkún. "Ẹ dárí jì mí, Màmá."

"Mo ti dárí jì ọ́ látinú mọ́tò. Kí wọ́n má bàa mú ọ ni mo ṣe purọ́. Ṣùgbọ́n Dinah ń retí mi, Lábísí. Ta ló máa sọ fún un pé mo dé Ìlaró?"

Owó tí Bánjí san ni Lábísí fi ṣe WAEC, ó sì yege. Títí dòní, tó bá ti rí ẹja gbígbẹ lọ́jà, ibòmíràn ló ń gbà.

Ẹ̀yin ọmọ mi, àgbàlagbà ilé yín kì í ṣe ẹrù, wọn kì í sì í ṣe ohun èlò. Ohun tí wọ́n ń bẹ̀ yín fún kéré, àkókò tó kù fún wọn náà kò pọ̀. Ẹ ráyè fún wọn lónìí. Kí Olúwa má jẹ́ kí ẹ dé ìtòsí ẹni tó ń retí yín kí ẹ tún yí padà. Kí ẹ̀yin náà dàgbà, kí ẹ sì rí ọmọ tó máa ráyè fún yín. Àmín.