Koríko Tó Ń Mí Nínú Omi

Nígbà ọyẹ́ ni Gbémiga mú Ìbíwùnmí, ìyàwó rẹ̀, lọ wo ilẹ̀ tó fẹ́ rà ní Magboro. Koríko etí títì ti gbẹ, ṣùgbọ́n ti orí ilẹ̀ náà ga, ó tutù yọ̀yọ̀. Ọ̀rọ̀ onílé ti sú wọn ní Èkó. Ilẹ̀ náà wọ̀ wọ́n lójú.

Hameedah, òṣìṣẹ́ ọ̀gbìn ní Ifọ̀, ọ̀rẹ́ Ìbíwùnmí láti ilé ìwé, bá wọn lọ. Ó fa koríko kan tu, ó fi kọ́kọ́rọ́ là á. Inú rẹ̀ kún fún ihò bíi fóòmù.

“Bàbá Mọ́láyọ̀, ẹ wo èyí,” ló wí fún Gbémiga. “Gbòǹgbò ń mí bí èèyàn. Tí omi bá mu ilẹ̀ yó, afẹ́fẹ́ á tán níbẹ̀, koríko mìíràn á kú. Èyí la ihò sínú ara rẹ̀, ó ń fa afẹ́fẹ́ láti ojú ewé lọ bá gbòǹgbò. Gbòǹgbò náà sì pọ́n bí irin tó dípẹtà. Omi ló ni ibí. Ẹ má kọ́lé síbẹ̀.”

Gbémiga rẹ́rìn-ín. Ó ní koríko ni koríko ń jẹ́, pé yanrìn tí tíìpà bá dà síbẹ̀ á tẹ omi rì. Ọ̀rọ̀ Hameedah yé Ìbíwùnmí, ṣùgbọ́n kò fẹ́ kí wọ́n ní òun ló ń dí ọkọ lọ́wọ́. Ó dákẹ́.

Wọ́n da yanrìn, wọ́n kọ́lé. Nígbà òjò ọdún 2007, omi kò gba ẹnu ọ̀nà wọlé. Abẹ́ ilẹ̀ ló ti sun jáde láàárín pálọ̀. Ṣaláńgá kún, ó dà pọ̀ mọ́ kànga. Mọ́láyọ̀, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, mu nínú omi náà, ìgbẹ́ gbuuru sì mú un. Wọ́n ní kí omi fà díẹ̀ kí wọ́n tó gbé e jáde. Nígbà tí Ìbíwùnmí fi gbé e la omi dé títì, ara ọmọ ti tutù lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀rùn dé. Gbémiga ní kí wọ́n ṣán gbogbo koríko tó yí ilé ká, kí wọ́n kun ilé náà lọ́dà, kí òun lè tà á. Aboyún kan, Jésùlayọ̀mi, wá wò ó, ó ń yin bí ibẹ̀ ṣe tẹ́jú. Ìbíwùnmí mú un lọ sẹ́yìn ilé, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un.

“Wọ́n kìlọ̀ fún wa, mo gbọ́, mo dákẹ́,” ló wí. “Ẹ má jẹ́ kí wọ́n tà á fún yín.”

Jésùlayọ̀mi bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Nígbà tí Gbémiga gbọ́ ohun tí aya rẹ̀ sọ, kò dá a lóhùn mọ́ láti ọjọ́ náà. Ní gbogbo ìgbà òjò, omi ṣì ń sun nínú ilé náà.

Ẹ̀yin ará Mówè, Ìbàfò àti Ifọ̀, ẹ má fi ojú ọyẹ́ ra ilẹ̀. Ẹ lọ wò ó lẹ́yìn òjò ńlá, ẹ bi àwọn aládùúgbò léèrè. Bí koríko ibẹ̀ bá tutù nígbà tí tibòmíràn gbẹ, tí inú rẹ̀ ní ihò, ẹ pe òṣìṣẹ́ ọ̀gbìn kó wá yẹ̀ ẹ́ wò. Yanrìn kì í lé omi, ó kàn ń bò ó mọ́lẹ̀ ni. Ẹni tó bá ti ń gbé irú ibẹ̀, kó máa se omi kó tó mu ún. Bí ọmọ bá ń ṣu gbuuru, ẹ fún un ní omi iyọ̀ àti ṣúgà, kí ẹ sì gbé e lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Ẹ má dúró de omi.

Ẹni tó bá sì mọ̀, kó sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀. Ìjà tọkọtaya máa ń parí; omi kì í dá ọmọ padà.