N Kò Rí I

Ìbọ̀sẹ̀ ọkùnrin náà ni aránṣọ kọ́kọ́ rí. Dúdú wà lẹ́sẹ̀ ọ̀tún, búlúù wà lẹ́sẹ̀ òsì, ó sì ń rìn káàkiri yàrá àyẹ̀wò ojú bí ẹni tí nǹkan kan ò ṣe. Aránṣọ gbìyànjú láti pa ẹ̀rín mọ́ra, kò rí i pa.

"Ẹ má bínú o," ó ní, "ta ló máa ń yẹ ojú ẹ̀yin alára wò?"

Ayẹjúwò wolẹ̀, òun náà bú sẹ́rìn-ín. Ó ní ilẹ̀ ò tíì mọ́ dáadáa nígbà tí òun ń múra. Ojú kì í rí arẹwà kó má kì í, ṣùgbọ́n ẹnu iṣẹ́ ló wà, ó bá gbé ìkíni náà mì. Ó ní kí aránṣọ jókòó, kó fọwọ́ bo ojú kan.

Kì í ṣe gíláàsì ni aránṣọ wá gbà. Ọdún méjì sẹ́yìn ni dókítà sọ fún un pé ó ní àrùn kan tó máa ń bó ìbòrí ara àwọn iṣan ọpọlọ, tó lè sọ ẹsẹ̀ di wúwo, kó sì sọ ọwọ́ di aláìgbọràn. Dókítà ní ojú máa ń tètè tú àṣírí àrùn náà. Ìdí nìyẹn tó fi ń wá ka lẹ́tà lára pátákó lóṣù mẹ́ta-mẹ́ta. Àwọn lẹ́tà kan dúdú kirikiri, àwọn kan sì ṣá bí eérú lórí aṣọ funfun. Iye eléérú tó bá rí kà ni wọ́n fi ń mọ ibi tí àrùn náà rìn dé.

Lọ́jọ́ yẹn, ó kà wọ́n dáadáa. Lọ́sẹ̀ kejì, ayẹjúwò gbé ṣòkòtò kan wá sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pé kó bá òun gé e kúrú. Lọ́sẹ̀ kẹta, ó tún gbé òmíràn wá. Kó tó di oṣù kẹta, ṣòkòtò rẹ̀ ti kúrú débi pé gbogbo ayé ló ń rí ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀, òun àti aránṣọ kò sì pe ara wọn ní "ẹ" mọ́.

Bí ìfẹ́ ṣe ń dàgbà ni ẹ̀rù náà ń dàgbà. Aránṣọ ń rò ó pé ọwọ́ olólùfẹ́ òun ni yóò kọ ọ́ sínú ìwé lọ́jọ́ tí ojú òun bá kọṣẹ́. Ta ni yóò wá mọ̀ọ́mọ̀ fẹ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀? Ó bá há gbogbo lẹ́tà pátákó náà sórí. Ó ń gé aṣọ, ó ń kà á. Nígbà tí ọjọ́ àyẹ̀wò pé, ó kà á geere láti òkè délẹ̀ láìmí.

Ayẹjúwò yíjú sí pátákó. "Ẹyinjú mi," ó ní, "a ti yọ pátákó tó o kà yẹn kúrò lọ́sẹ̀ tó kọjá. Òmíràn ló wà níwájú ẹ yìí."

Ojú ti aránṣọ débi pé omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní òun mọ̀ pé bí òun bá sọ òótọ́, ọkùnrin náà á sá lọ.

"Sọ ọ́, kó o wò ó bóyá màá sá. Ohun tí o ò rí ni dókítà nílò kó tó lè mọ oògùn tó máa fún ẹ."

Aránṣọ nu ojú, ó bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ló sọ pé, "N kò rí i." Dókítà pààrọ̀ oògùn rẹ̀, àrùn náà kò lọ, ṣùgbọ́n kò rìn síwájú mọ́. Ayẹjúwò ní tirẹ̀ lọ bá ọ̀gá rẹ̀ pé kí ẹlòmíràn máa ṣe àyẹ̀wò aránṣọ, nítorí ojú òun kò lè ṣe òdodo lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́.

Ó wá ku ìyá ayẹjúwò. Nígbà tó gbọ́ ẹni tí ọmọ rẹ̀ fẹ́ fẹ́, ó ní, "Aránṣọ tí kò ríran? Ṣé o fẹ́ kó rán ẹ mọ́ aṣọ ni?" Ó ní kò sí ìgbéyàwó kankan àfi tí òun bá fojú ara òun rí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, màmá gbé aṣọ funfun àti òwú funfun wọ ṣọ́ọ̀bù aránṣọ. Kò sọ ẹni tó jẹ́, àmọ́ iwájú orí rẹ̀ jọ ti ọmọ rẹ̀ débi pé aránṣọ dá a mọ̀. Ó na abẹ́rẹ́ sí aránṣọ pé kó fi òwú sí i níṣojú òun.

Aránṣọ mọ ohun tí ìdáhùn òun lè gbà lọ́wọ́ òun. Ó lè ní kí màmá padà wá lọ́la, kó rí ẹni bá a fi òwú náà sí i.

"N kò rí i, Mà," ó ní. "Ojú mi ò mú un lónìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi sí i."

Màmá gba abẹ́rẹ́. Ó fi itọ́ tọ́ òwú, ó di ojú kan, ó gún apá ọ̀tún, ó gún apá òsì, òwú kọ̀ kò wọlé. Nígbà tó pẹ́, ó gbé e lé itan.

"Èmi náà ò rí i," ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́. "Ó ti tó ọdún mẹ́rin. Mi ò sọ fún ọmọ mi ni, kó má baà gbé mi síwájú pátákó."

Àwọn méjèèjì wo ara wọn, wọ́n sì rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di ẹ̀gbẹ́ mú. Ibẹ̀ ni ayẹjúwò bá wọn, tòun ti ṣòkòtò kan lápá. Ìyá rẹ̀ na abẹ́rẹ́ sí i. Ó fi òwú sí i lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

"Ó dáa," màmá ní. "Àwa méjèèjì ni wàá máa ṣe é fún. Bi í ní ohun tó o fẹ́ bi í, kí n gbọ́."

Ayẹjúwò bi í. Aránṣọ ní bẹ́ẹ̀ ni, èyí kò ṣá lójú òun rárá.

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó wọn, màmá ti gba gíláàsì tuntun. Òun ló kọ́kọ́ rí i pé ìbọ̀sẹ̀ ọkọ ìyàwó kò bára mu.