Ọkùnrin Tó Ń Tún Àwọ̀n Ṣe ní Half Die

Òjò ń rọ̀ sórí omi tó ti bo òpópónà mọ́lẹ̀, ojú omi náà ń hó káàkiri bí ọbẹ̀ orí iná, àfi ibi tí ọkùnrin tó ń tún àwọ̀n ṣe náà ki ẹsẹ̀ bọ̀. Níbẹ̀, omi dákẹ́ bí epo inú àwo. Kàfáyàt kọ́kọ́ rò pé ojú òun ló ń tan òun. Ó wò ó títí, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Kò fi ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ ṣeré. Ọdún tó tẹ̀lé èyí tí wọ́n sọ Bathurst, olú ìlú Gambia, di Banjul ni, ẹ̀ẹ̀mejì ló sì ti fìdí rẹmi nínú àròkọ Gẹ̀ẹ́sì, tí ilé ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì dá a padà. Nígbà tí Ọ̀gbẹ́ni Dúrójayé, ọmọ Ìjẹ̀bú tó ń kọ́ àwọn àgbà ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́sàn-án, ní kí oníkálukú wá ẹnì kan tí yóò máa wò, kó sì máa ṣàkọsílẹ̀ rẹ̀ létòlétò, Kàfáyàt fi rúlà pín ojú ìwé rẹ̀: ohun tí ojú rí, ohun tí etí gbọ́, òórùn tí imú gbọ́. Ẹ̀yìn ìwé ló fi ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tuntun sí. Ó pinnu pé òun ò ní fi àyè kankan sílẹ̀ lófìfo.

Àyè òórùn ló ń yọ ọ́ lẹ́nu. Gbogbo àdúgbò Half Die ló ń rùn nígbà òjò: ẹja, ẹrẹ̀, omi gọ́tà. Ṣùgbọ́n bó bá ti jókòó nítòsí ọkùnrin náà, kì í gbóòórùn nǹkan kan mọ́, kódà ọṣẹ tó fi wẹ̀. Ó tún ṣàkíyèsí pé àwọ̀n ọwọ́ rẹ̀ kò já níbì kankan. Síbẹ̀, ó ń rán an. Kàfáyàt kọ ìyẹn náà sílẹ̀, kò dìde.

Lọ́jọ́ kan, ọkùnrin náà sọ̀rọ̀ láì gbójú sókè. Yorùbá ló sọ, Yorùbá Ìwó, bí ìyá Kàfáyàt ṣe máa ń sọ ọ́ gẹ́lẹ́.

"Kí ni wọ́n ń pè ọ́, ọmọ mi?"

"Kàfáyàt ni, sà." Ó ti sọ ọ́ kó tó rò ó.

Ọkùnrin náà rọra mi orí, ó ń rán àwọ̀n rẹ̀ lọ.

Nígbà tí wọ́n pé jọ ní kíláàsì, Ebrima tó ń ta táyà ní Westfield ló kọ́kọ́ ka tirẹ̀. Ọkùnrin kan ló kọ nípa rẹ̀, tó ń tún àwọ̀n tí kò ya ṣe níwájú ṣọ́ọ̀bù òun. Àwọn kan rẹ́rìn-ín, torí kò sí odò ní Westfield. Ndey, obìnrin tó jókòó tẹ̀lé e, kò rẹ́rìn-ín. Ẹ̀bá ọ̀nà Mile Two ni òun ti ń wo tirẹ̀, ọ̀sán kan náà, àwọ̀n kan náà. Èdè Wolof ni ọkùnrin náà bá àwọn méjèèjì sọ. Ó béèrè orúkọ wọn. Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn nínú wọn.

Ọ̀gbẹ́ni Dúrójayé ní kí wọ́n pa ìwé dé. Ó dúró kí àwọn yòókù jáde tán, ó sì yẹ ìwé Kàfáyàt wò.

"Kàfáyàt, ṣé o dá a lóhùn?" Ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹni tó wà lẹ́bàá aláìsàn lọ.

"Mo dá a lóhùn, sà."

"Má padà síbẹ̀ mọ́. Fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, màá fún ẹ ní máàkì."

"Mi ò fẹ́ máàkì ọ̀fẹ́, sà. Ó ti mọ orúkọ mi. Ó yẹ kí èmi náà mọ tirẹ̀."

Nígbà tó délé, ẹnu ọ̀nà ló ti bá Àǹtí Bàṣírát, àbúrò ìyá rẹ̀ tí òun ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀.

"Àlejò rẹ wà ní pálọ̀," ni Àǹtí sọ, jẹ́jẹ́. "Ó ní ẹ ti mọra yín. Inú òjò yìí ló gbà wá, ṣùgbọ́n aṣọ rẹ̀ ò tutù."

Ẹsẹ̀ Kàfáyàt ti yí padà sí títì. Ó dá ara rẹ̀ dúró. Ó nu ọwọ́ sára aṣọ, ó ṣí ìwé, ó sì wọlé.

Ọkùnrin náà jókòó, ó ń rán àwọ̀n.

"Ẹ káàsán, sà. Kí ni wọ́n ń pè yín?"

Fún ìgbà àkọ́kọ́, ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ó gbójú sókè, ohùn Kàfáyàt gan-an ló sì jáde lẹ́nu rẹ̀.

"Kàfáyàt ni, sà."

Láti ìta, Àǹtí dáhùn pé, "Ṣé o pè mí ni?"

Kàfáyàt fi bírò lé ojú ìwé.

"Ìyẹn tèmi ni," ó wí. "Ẹ sọ tiyín."