Àwo Kékeré Tó Ń Sún Mọ́ Ọmọ

Orí itan ìyá bàbá rẹ̀ ni ọmọkùnrin náà kú sí, lọ́sàn-án gangan, pẹ̀lú oúnjẹ lẹ́nu. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni. Ara rẹ̀ ò gbóná lọ́jọ́ náà, kò wúkọ́, kò ṣubú. Màmá ń fún un lóúnjẹ, ó gbọ̀n lẹ́ẹ̀mejì, ó na ẹsẹ̀, ó parí. Kí bàbá rẹ̀ tó ju sísọ́ọ̀sì sílẹ̀ kó sáré dìde nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, ojú ọmọ ti yí padà.

"Wọ́n ti pa á o!" Màmá figbe ta. "Wọ́n fún un lọ́rùn lórí itan mi! Àjẹ́ ilé yìí ti jẹ ẹ́!"

Gbogbo àdúgbò gbà bẹ́ẹ̀. Ta ni yóò bá a jiyàn? Ọmọ tí kì í sọ̀rọ̀, tí kì í wojú ẹni, tó jẹ́ pé oúnjẹ kan ṣoṣo ló ń jẹ látìgbà tí wọ́n ti já a lẹ́nu ọmú, ó wá kú láìṣàìsàn. Ẹni tó bá ní kì í ṣe àjẹ́, òun gan-an ni wọn óò kọ́kọ́ yíjú sí.

Ilé náà ò tóbi. Yàrá mẹ́ta ni, pẹ̀lú ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn kan. Télọ̀ tó ni ilé ń ránṣọ ní yàrá iwájú, ìyàwó rẹ̀ ń lọ aṣọ fún àwọn èèyàn lẹ́yìnkùlé, Màmá tó bí Télọ̀ sì ń pàṣẹ fún gbogbo wọn. Ẹnìkẹrin ni ẹ̀gbọ́n Télọ̀ obìnrin, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Àǹtí Oníbúrẹ́dì, torí ibi tí wọ́n ti ń yan búrẹ́dì ló ń ṣiṣẹ́. Kò bímọ. Ọkọ rẹ̀ ti tìtorí ẹ̀ lé e wálé, ìyá tó bí i lọ́mọ náà ò sì jẹ́ kó gbàgbé lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Kílẹ̀ tó mọ́ ló ti ń jáde, tí oòrùn bá ti là dáadáa ló ń wọlé, pẹ̀lú ìyẹ̀fun lírun, létí, lápá.

Ìyàwó Télọ̀ ò fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ má bi mí nídìí, òun náà ò mọ̀ ọ́n. Obìnrin náà ń fajú ro ṣáá, kì í rẹ́rìn-ín, tí ìyàwó bá sì lọ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ tán, á gbé e sókè, á ní kò gún, kó tún un lọ̀.

Ọmọ kejì, ọmọbìnrin tí wọ́n ń pè ní Kékeré, pé ọdún mẹ́ta, ìyá rẹ̀ sì rí i pé ọ̀nà ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń tọ̀. Kò sọ̀rọ̀. Bọ́tìnnì bàbá rẹ̀ ló ń tò sílẹ̀ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, bí ẹnì kan bá gbé ẹyọ kan kúrò, igbe rẹ̀ á gbalé kan. Inú búrẹ́dì funfun tí Àǹtí ń mú bọ̀ níbi iṣẹ́, tí wọ́n ti bó èèpo rẹ̀ dànù, àti omi nínú ife búlúù kan, ìyẹn nìkan lóúnjẹ rẹ̀. Tí nǹkan míì bá kan búrẹ́dì yẹn pẹ́nrẹ́n, kò ní jẹ ẹ́ mọ́. Egungun ìhà rẹ̀ ti ṣeé kà.

"Ẹ gbé alágídí yẹn wá," Màmá á ní. "Èmi ni màá fún un jẹ." Á fi itan méjèèjì há ọmọ náà mọ́ra, á di imú rẹ̀ pọ̀, tó bá ti lanu kó lè mí, á ki síbí bọ̀ ọ́.

Lọ́jọ́ tí ètè Kékeré dúdú lórí itan yẹn, ìyá rẹ̀ já a gbà. Ó ní òun ń lọ gba aṣọ tí òun fẹ́ lọ̀, ó pọn ọmọ, ó di ilé ìwòsàn. Ẹ mọ̀ pé kò gbọdọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀ o. Télọ̀ ti búra pé ọmọ òun kankan ò ní débẹ̀ mọ́, torí ọ̀sẹ̀ tí wọ́n gbé àkọ́bí lọ gba abẹ́rẹ́ ló kú. Ìyàwó tó bá dán an wò, kó di ẹrù rẹ̀, kó fi ọmọ sílẹ̀ fún Màmá.

Nọ́ọ̀sì àgbàlagbà kan ló dá a lóhùn. Kò fọwọ́ kan ọmọ náà. Ó mú bọ́tìnnì jáde nínú àpótí rẹ̀, ó to mẹ́ta sórí tábìlì, ó dúró. Kékeré mú ẹ̀kẹrin, ó tò ó tẹ̀ lé e.

"Ọmọ yín ò ṣagídí," Nọ́ọ̀sì ní. "Ọ́tísìmù ni wọ́n ń pè é. Bí ohùn ṣe ń rí létí rẹ̀, bí oúnjẹ ṣe ń rí lẹ́nu rẹ̀, ó yàtọ̀ sí tiwa. Oúnjẹ tuntun ń bà á lẹ́rù bí ejò ṣe ń ba èmi àti ẹ̀yin lẹ́rù. Ẹ ṣeun tí ẹ tètè gbé e wá. Ọmọ ọdún mẹ́ta ṣì lè kọ́ bí a ṣe ń jẹ ẹ́. Ṣé òun ni àkọ́bí?"

"Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti kú. Orí itan ìyá ọkọ mi ló kú sí, níbi tí wọ́n ti ń fún un lóúnjẹ."

"Ṣé wọ́n di imú rẹ̀ ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Nọ́ọ̀sì gbé bírò rẹ̀ sílẹ̀. "Ìyá, oúnjẹ ló dí ọ̀nà èémí rẹ̀. Kò sẹ́ni tó fún un lọ́rùn. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fipá bọ́ èyí láéláé."

Ó wá ṣàlàyé ohun tó máa ṣe. Kó fi ẹyin sísè bíńtín sínú àwo kékeré kan, àwo kan náà lójoojúmọ́. Kó gbé e sí ìdí ilẹ̀kùn, jìnnà sọ́mọ, nígbà tí ọmọ bá ń jẹ búrẹ́dì. Kó má sọ fún ọmọ pé kó jẹ ẹ́, kó má tiẹ̀ wò ó. Lọ́jọ́ kejì, kó sún un mọ́ ọn ní ìka mẹ́rin péré, títí tí yóò fi dé ẹ̀gbẹ́ ife. "Ẹ má fo ọjọ́ kan o. Tí ẹ bá fò ó, àtìbẹ̀rẹ̀ la máa padà sí." Ó kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé, ó ya àwo àti ife sí i.

Ìyàwó fi ìwé náà pa mọ́ sáàárín aṣọ tó ti lọ̀. Láràárọ̀, nígbà tí Màmá ṣì ń hanrun, ó ń gbé àwo kalẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń fi ṣọ́ọ̀kì ọkọ rẹ̀ fa ìlà kékeré síbi tí àwo dé, kó má baà ṣìnà lọ́jọ́ kejì. Kékeré kọ́kọ́ ké. Lọ́jọ́ kẹta, ó kẹ̀yìn sí i. Lọ́jọ́ kẹfà, ó yíjú wò ó. Ìyá rẹ̀ lọ sẹ́yìnkùlé, ó sunkún ayọ̀ sínú aṣọ aláṣọ.

Ibà ló bà á jẹ́. Ọjọ́ méjì gbáko ni ìyàwó fi dùbúlẹ̀ tí kò mọ ẹ̀yìn tó mọ iwájú. Lọ́jọ́ kẹta, ó wọ́ ara rẹ̀ jáde, ó ní iṣẹ́ ti bàjẹ́, kò sí nǹkan míì ju ká bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ó wo ilẹ̀. Ìlà tuntun méjì wà níbẹ̀, ìka mẹ́rin sí ìka mẹ́rin. Òun kọ́ ló fà wọ́n.

Ó sáré fa ìwé yọ láàárín aṣọ. Bí wọ́n ṣe ká a ti yàtọ̀, nǹkan funfun kan sì wà lára rẹ̀, lẹ́búlẹ́bú, bí ojú àtàǹpàkò èèyàn.

"Háà! Wọ́n ti mọ̀," ó sọ sínú. "Ẹni tó jẹ àkọ́bí mi ti mọ ohun tí mò ń ṣe, ó ti fọwọ́ rẹ̀ bọ̀ ọ́." Ẹ gbọ́ o, obìnrin tí nọ́ọ̀sì ti sọ òótọ́ fún! Ẹ̀rù ló gbé òótọ́ náà mì. Láti ọjọ́ yẹn, tó bá gbúròó ẹsẹ̀ Àǹtí ní ìdájí, irun orí rẹ̀ á dìde. Síbẹ̀ kò dúró. Ó ń sún àwo lọ, ìka mẹ́rin, ìka mẹ́rin.

Àárọ̀ ọjọ́ kan ni oníbàárà kan pè é sẹ́yìnkùlé torí aṣọ tó jó. Kò pẹ́ tó kúrò ni ẹyẹ kan gba ojú fèrèsé wọlé, ó bà sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo, ó ń ṣá ẹyin jẹ. Kékeré ń wò ó, ó ń rẹ́rìn-ín. Ibẹ̀ ni Màmá jáde sí.

"Yéè! Ẹ gbà mí o! Ẹyẹ ń jẹ ọmọ mi!"

Télọ̀ sáré dé tòun ti téèpù lọ́rùn. Ẹyẹ ti lọ, ṣùgbọ́n àwo wà níbẹ̀, ìlà ṣọ́ọ̀kì wà lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, láti ìdí ilẹ̀kùn títí dé ìdí ẹní ọmọ. Ó kúnlẹ̀, ó fi téèpù wọ̀n ọ́n. Iṣẹ́ rẹ̀ náà ṣáà ni.

"Ìka mẹ́rin ni wọ́n fi ń sún un lójúmọ́," ó ní. "Ìka méjìlá ló kù."

"Ọjọ́ mẹ́ta!" Màmá ká ọwọ́ lérí. "Ọjọ́ mẹ́ta ló kù kí wọ́n mú un lọ!"

Ìyàwó ti dé ẹnu ọ̀nà. "Èmi..." ló bẹ̀rẹ̀.

"Ìwọ kí ni?" Màmá bi í.

Ó wo ojú ọkọ rẹ̀, kò rí ibi àánú. Ó wo itan Màmá. Tó bá sọ ọ́, òun á lọ, Kékeré á kù sórí itan yẹn. "Ẹ̀rù ń bà mí ni, Mà," ó ní.

Wọ́n ránṣẹ́ pe Aríran. Kẹ̀kẹ́ lọkùnrin yẹn ń tún ṣe, àjẹ́ mímú ló fi ń ṣe àfikún. Ó dé pẹ̀lú gírísì lọ́wọ́, gbogbo àdúgbò tẹ̀ lé e. Ó yí àwo ká lẹ́ẹ̀mẹta, ó di ojú.

"Ta ló ń kọ́kọ́ jí nínú ilé yìí?"

"Àǹtí ni," Télọ̀ dáhùn.

"Búrẹ́dì ta lọmọ yìí ń jẹ, tí kì í jẹ nǹkan míì?"

"Tiẹ̀ náà ni."

"Ta ni ò lọ́mọ?"

Ẹ ò rí i pé aríran gidi ni! Ó fi ìka ra etí àwo, ó gbé e sókè, ìka náà funfun. Àsìkò yẹn gan-an ni Àǹtí wọlé láti ibi iṣẹ́, ìyẹ̀fun dé ìgbọ̀nwọ́, búrẹ́dì lábíyá.

"Ìyẹ̀fun ni," ó ní, nígbà tí wọ́n fa ọwọ́ rẹ̀ mọ́ àwo náà. "Ta ni ò mọ̀ pé oníbúrẹ́dì ni mí?"

"Kí ni ìyẹ̀fun ẹ ń wá lára àwo?" Màmá bi í.

Àǹtí wo àwọn ìlà ilẹ̀. Ó wá wo ìyàwó Télọ̀, ó wò ó títí. Ìyàwó wolẹ̀.

"Èmi ni mo sún un," Àǹtí ní.

Ìyá tó bí i ló kọ́kọ́ gbá a létí. Télọ̀ gba búrẹ́dì, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. "Ìwọ! Ìwọ tí mò ń pè ní ẹ̀gbọ́n! O jẹ àkọ́bí mi, o tún fẹ́ jẹ èyí!" Látìgbà tó ti ń sọ̀rọ̀ láyé rẹ̀, kò pè é ní "o" rí. Àwọn aládùúgbò wọ́ ọ gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ kọjá, ẹsẹ̀ rẹ̀ nu ìlà ṣọ́ọ̀kì nù. Kékeré di etí méjèèjì, ó ń mi ara rẹ̀ síwá sẹ́yìn.

"Ìyàwó, kó ẹrù ẹ̀ jù sí i!" Màmá pàṣẹ.

Ìyàwó kó o jáde. Àǹtí wà nílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ẹ̀jẹ̀ ń jáde nímú rẹ̀. Bí ìyàwó ṣe bẹ̀rẹ̀ láti gbé àpò kalẹ̀, ó gbọ́ ohùn Àǹtí jẹ́jẹ́.

"Inú aṣọ iṣẹ́ mi tí o lọ̀ ni mo ti rí ìwé yẹn. Mo kà á, mo dá a padà. Nígbà tí ibà dá ẹ dúbúlẹ̀, mo ní kò yẹ kó fo ọjọ́ kan. Ìka méjìlá ló kù. Má kánjú o. Búrẹ́dì ọjọ́ mẹ́ta wà nínú àpò ìyẹ̀fun lẹ́yìn ilẹ̀kùn mi. Má gbàgbé bó èèpo ẹ̀."

Ìyàwó fi àpò sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Kí ló ń sọ sí ẹ létí?" Màmá kígbe láti ọ̀dẹ̀dẹ̀. Gbogbo ojú yí sí i. Òkúta wà lọ́wọ́ àwọn kan.

"Ó ń gbé wa ṣépè, Mà," ìyàwó Télọ̀ ní.

Òkúta àkọ́kọ́ ba Àǹtí lórí. Ó dìde, ó ṣubú, ó tún dìde, ó fi àpò rẹ̀ bo orí, ó lọ.

Aríran ní kí wọ́n lọ da àwo náà sórí ààtàn. Ìyàwó ni wọ́n rán. Ó fọ̀ ọ́, ó fi í sábẹ́ aṣọ rẹ̀, ó gbé e padà wálé. Màmá ti ń sùn dáadáa báyìí tí àjẹ́ ti lọ. Ìka mẹ́rin. Ìka mẹ́rin. Lọ́jọ́ kẹta, àwo dé ẹ̀gbẹ́ ife búlúù, búrẹ́dì tó kù nínú àpò ò sì ju ẹ̀kún ọwọ́ kan lọ. Ìyá ò wò ó. Ó kọjú sógiri, ó ń ka ọkàn rẹ̀ bó ṣe ń lù. Nígbà tó yíjú padà, Kékeré ti mú ẹyin. Ó gbóòórùn rẹ̀. Ó fi ahọ́n kàn án. Ó gé e jẹ, ó sì jáde lọ sẹ́yìnkùlé, ó ń jẹ ẹnu rẹ̀ lọ.

"Ẹyin!" Igbe Màmá gbòde. "Ẹ wá wò ó o! Ó ń jẹ ẹyin! Àjẹ́ lọ, ọmọ jẹun!"

Àdúgbò dé. Télọ̀ ń jó, omi ń dà lójú rẹ̀. "Ṣebí mo sọ," ó ń wí fún ìyàwó rẹ̀, "ṣebí mo sọ." Màmá jókòó sórí àpótí, ó fa Kékeré mọ́ra, ó fi itan méjèèjì há a.

"Gbé gbogbo ẹyin tó wà nílé wá, ìyàwó. Gbé síbí wá. Kò sóhun tó ń dí i lọ́fun mọ́. Èmi fúnra mi ni màá fún un jẹ."

Ọwọ́ rẹ̀ ti wà ní imú ọmọ.

"Ẹ fi í sílẹ̀!" Ìyàwó Télọ̀ ò mọ̀ pé òun ní irú ohùn yẹn. "Ẹ fi ọmọ mi sílẹ̀! Èmi ni mo gbé àwo! Èmi ni mo fa ìlà! Nọ́ọ̀sì ló kọ́ mi, ẹyin yẹn ni mò ń sún mọ́ ọn títí tó fi jẹ ẹ́. Àǹtí ò ṣe nǹkan kan. Ọwọ́ yín yìí, Màmá, ọwọ́ yín yìí ló pa àkọ́bí mi!"

Ẹ̀rín kú lẹ́nu gbogbo wọn. Télọ̀ dúró láàárín ijó. Màmá wo ìyàwó, ó wo ọ̀pọ̀ èèyàn tó dúró, ó mi orí díẹ̀díẹ̀.

"Méjì ni wọ́n," ó ní.

Ìyàwó já ọmọ rẹ̀ gbà lórí itan yẹn, ó pọ̀n ọ́n. Ó mú ife, ó mú àwo kékeré, ó kọrí sí ibi tí wọ́n ti ń yan búrẹ́dì, bóyá ẹnì kan á mọ ibi tí Àǹtí forí lé. Òkúta kan bà á léjìká. Ó fa Kékeré yí síwájú, ó fi ẹ̀yìn rẹ̀ gba ìyókù.