Dísìkì Tó Ṣí Sílẹ̀

Inú tẹlifíṣọ̀n tí kò tàn ló ti kọ́kọ́ rí i. Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù ṣí, òjìji obìnrin méjì sì hàn lára gíláàsì dúdú náà: ọ̀dọ́ kan níwájú, àgbà kan lẹ́yìn rẹ̀. Onídísìkì yí padà láti kí wọn káàbọ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ló bá níbẹ̀, obìnrin ẹlẹ́yinjú ẹgẹ́ kan tó gbá téèpù kámẹ́rà àtijọ́ mọ́ àyà bí ọmọ tuntun. Onídísìkì ń wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá ẹnì kejì ṣì ń bọ̀, àmọ́ obìnrin náà ti ti ilẹ̀kùn.

Iṣẹ́ Onídísìkì ni kó máa gbé àwòrán inú téèpù àtijọ́ sórí dísìkì DVD, orúkọ iṣẹ́ yìí náà ni gbogbo àdúgbò sì fi ń pè é. Obìnrin náà ní ilé ìgé gíláàsì ojú lòun ti ń ṣiṣẹ́. Ìyá òun ló wà nínú téèpù yìí, ìyá náà sì ti kú. Wọ́n ti ṣe dísìkì rẹ̀ fún òun níbi méjì, àmọ́ ẹ̀rọ bàbá òun, ẹ̀rọ arúgbó kan tí bàbá kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pààrọ̀, pọ dísìkì méjèèjì jáde. Ojú bàbá sì ti ń ṣú lọ, dókítà ti ní kò sí ohun tí wọ́n lè ṣe sí i mọ́.

“Gbogbo ayé ni mò ń gé gíláàsì fún,” ó wí, “mi ò rí èyí tí màá gé fún bàbá mi. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n ń bẹ̀ mí fún, kí wọ́n rí ìyá mi lẹ́ẹ̀kan sí i kí ojú tó ṣú tán. Ẹ dákun.”

Onídísìkì kò mọ ìgbà tó gba téèpù náà. Ìfẹ́ kì í kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé. Ti ọkùnrin yìí ti wọlé, ó ti wá ibì kan jókòó sí, kó tó rántí pé òun ò tíì dá oníbàárà lóhùn.

Lábẹ́ tábìlì rẹ̀, ó to àwọn ẹ̀rọ DVD àlòkù oríṣiríṣi síbẹ̀, àwọn kan ti ń mì, àwọn kan ń hó bí ẹni tí ikọ́ ń bá jà. Ìgbìmọ̀ àgbà ló ń pè wọ́n. Dísìkì kankan kì í kúrò ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ àfi tí gbogbo ìgbìmọ̀ bá gbà á wọlé. Nígbà tí obìnrin náà gbọ́, ó rẹ́rìn-ín, ó béèrè bóyá àwọn àgbà yìí kì í jẹ àbẹ̀tẹ́lẹ̀. Onídísìkì ní eyín wọn ti kán tán.

Fíìmù náà kò gùn. Ìyá jókòó sẹ́bàá fèrèsé, ó ń ká aṣọ tó ti gbẹ, kò sọ̀rọ̀. Bó ṣe gbójú sókè báyìí, téèpù parí.

Sọ́fúwíà, ìyẹn ètò kọ̀ǹpútà tó ń kọ dísìkì, tí Onídísìkì kọ́kọ́ lò dùn-ún wò. Ó ń fi òdòdó àti orin síbi ìbẹ̀rẹ̀. Kọ̀ǹpútà gbà á, ẹ̀rọ tuntun gbà á, ìgbìmọ̀ àgbà kọ̀ ọ́. Èkejì kàn ń da fáìlì sórí dísìkì bí ẹni ń da ẹrù sínú yàrá, ẹ̀rọ ilé kò mọ orí, kò mọ ìdí rẹ̀. Ẹ̀kẹta ni kò lẹ́wà rárá. Kò ní òdòdó, kò ní orin, àmọ́ ó ń sọ àwòrán di irú èyí tí ẹ̀rọ àtijọ́ mọ̀, ó ń kọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó sì máa ń béèrè níkẹyìn pé ṣé kí òun pa dísìkì dé. Dísìkì tí a kò pa dé ṣì ń retí àfikún, ẹ̀rọ tó kọ ọ́ nìkan ló sì lè kà á. Tí a bá ti pa á dé, àfikún tán, ẹ̀rọ ibi gbogbo á sì gbà á.

Onídísìkì kọ́kọ́ fi í sílẹ̀ láì pa á dé, bó ṣe máa ń ṣe, kó lè ráyè ṣàtúnṣe. Nígbà tó tún gbé e sínú ẹ̀rọ lọ́jọ́ kejì, aṣọ tí ìyá ti ká ti pọ̀ sí i.

Ó rò pé ojú òun ló ń tan òun. Nígbà tí obìnrin náà dé, Onídísìkì ní kó wò ó. Ìyá ká aṣọ kan, ó tún fa òmíràn, fíìmù tó yẹ kó ti parí ṣì ń lọ. Obìnrin náà di ọwọ́ Onídísìkì mú láì mọ̀. Ó ní aṣọ tí ìyá gbé sórí itan yẹn, aṣọ òun ni. Lẹ́yìn tí wọ́n sin ìyá lòun tó rà á.

Láti ọjọ́ náà lọ, ìrọ̀lẹ́ kan kì í lọ kí obìnrin náà má yà níbẹ̀. Ilé iṣẹ́ ló máa ń gbà wá, lẹ́búlẹ́bú gíláàsì á ṣì wà lápá aṣọ rẹ̀. Àwọn méjèèjì á jókòó, ìyá á ká aṣọ díẹ̀ sí i, ẹ̀rù á bà wọ́n, wọ́n á sì sún mọ́ra. Díẹ̀díẹ̀ ni “ẹ̀yin” di “ìwọ” lẹ́nu wọn. Ẹ̀rù náà kò lọ, àmọ́ adùn kan wà nínú rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò fẹ́ pàdánù.

“O ò fẹ́ kí n lọ sílé ni?”

“Ta ló ń lé ẹ? Ìwọ lo ni àga yẹn.”

“Àga tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti yẹ̀?”

“Kó o lè fara tì mí ni, ààyò mi.”

Ohun tí obìnrin náà kò mọ̀ ni pé iṣẹ́ ti parí. Ìgbàkígbà tó bá béèrè bóyá sọ́fúwíà tó dáa ti wà, Onídísìkì á ní ó kù díẹ̀. Kò kù díẹ̀ kankan. Ó kàn mọ̀ pé lọ́jọ́ tí òun bá pa dísìkì náà dé, obìnrin náà á gbà á, á dúpẹ́, á sì lọ. Bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ ń ṣú bá bàbá tó ni ìyàwó inú fíìmù náà.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, obìnrin náà wọlé, kò jókòó. Ó ní bàbá òun kò rí aago ara ògiri mọ́. Ó ní ojú òun ni wọ́n fi ọwọ́ wá láàárọ̀, kí wọ́n tó mọ̀ pé òun ni.

Ọ̀rọ̀ náà gún Onídísìkì lọ́kàn. Ojú tì í débi pé kò lè gbé orí sókè.

“Mo ti rí sọ́fúwíà náà tipẹ́,” ó wí. “Mi ò pa dísìkì dé ni. Ẹ̀rù ń bà mí pé tí mo bá pa á dé, o ò ní wá mọ́.”

Obìnrin náà wò ó títí. “Ojú bàbá mi lo wá fi ń dá mi dúró?”

Kò pariwo. Ó gbé báàgì rẹ̀, ó jáde. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo lòtítọ́ máa ń bá a, ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ló sì ti bá ti Onídísìkì.

Onídísìkì kò fọwọ́ kan ẹ̀rọ, àmọ́ àwòrán yọ. Aṣọ tí ìyá ń ká ti tán. Ó dìde, ó ń bọ̀, àgbà tó hàn lọ́jọ́ òjò yẹn gan-an, ó sún mọ́ títí ojú rẹ̀ fi gba gbogbo gíláàsì, èémí rẹ̀ sì mú kí gíláàsì náà rin láti inú. Fún ìgbà àkọ́kọ́, ó sọ̀rọ̀.

“Ọmọ mi, bá mi pa á dé. Atẹ́gùn ń wọlé, òtútù ń mú mi.”

Onídísìkì ti rò pé ìyá ló fẹ́ máa wá. Kò mọ̀ pé òun ni kò jẹ́ kí ẹni tó fẹ́ sinmi ráyè sùn. Ó tẹ “bẹ́ẹ̀ ni” sí ìbéèrè sọ́fúwíà náà. Dísìkì yí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ títí ó fi dákẹ́. Ó gbé e fún ìgbìmọ̀ àgbà lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sí èyí tó kọ̀ ọ́.

Láàárọ̀, ó gbé e lọ sílé bàbá. Obìnrin náà ló ṣílẹ̀kùn. Kò kí i, àmọ́ ó yà fún un. Bàbá fa àga rẹ̀ dé iwájú tẹlifíṣọ̀n, imú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan gíláàsì. Ẹ̀rọ arúgbó náà gbé dísìkì mì, ó kùn, ó ronú, gbogbo wọn sì ń retí kó pọ̀ ọ́. Àwòrán yọ.

Fíìmù kékeré ti àkọ́kọ́ ni. Ìyá ń ká aṣọ lẹ́bàá fèrèsé, kò sọ nǹkan kan. Àmọ́ bàbá ń rẹ́rìn-ín, ó ń mi orí.

“Mo ti jẹun,” ó wí. Ó dákẹ́ díẹ̀. “Rárá, kò dùn mí.” Ó tún dákẹ́. “Mo gbọ́.”

Ìyá gbójú sókè, fíìmù parí. Bàbá nu ojú rẹ̀.

“Ó ti lọ sùn,” ó wí. “Ìwọ ọkùnrin tó dúró yẹn.”

“Sà.”

“Ó ní kí n bá òun dúpẹ́ pé o pa á dé. Ó ní ó ti pẹ́ tí òtútù ti ń mú òun.”

Onídísìkì kò tíì sọ ọ̀rọ̀ òtútù yẹn fún ẹ̀dá alààyè kankan. Obìnrin náà yí sí i, ó sì rí i lójú rẹ̀ pé ọkùnrin náà ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn rí. Onídísìkì wá rò fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò fi irọ́ rẹ̀ pamọ́, ó sì bẹ bàbá.

“Ó tún sọ nǹkan kan nípa ẹ̀yin méjèèjì,” bàbá wí. “Ó ní kí n má sọ ọ́. Ó ní kí ẹ bá ara yín sọ ọ́.”

Obìnrin náà kọjú sí Onídísìkì.

“Inú ṣì ń bí mi,” obìnrin náà wí.

“Mo mọ̀.”

“Màá ṣì bínú lọ́la.”

“Wá bínú ní ṣọ́ọ̀bù.”

“Kí ni mo fẹ́ wá ṣe níbẹ̀? Kò sí ohun tí a máa wò mọ́.”

“Èmi wà níbẹ̀,” Onídísìkì wí. “Fẹ́ mi, olólùfẹ́ mi. Mi ò ní fi nǹkan kan dá ẹ dúró mọ́. Tó o bá fẹ́ lọ, màá ṣílẹ̀kùn fún ẹ.”

Obìnrin náà wo bàbá rẹ̀, ó béèrè bóyá wọ́n gbọ́ ohun tí ọkùnrin yìí sọ. Bàbá ní ojú òun ló ń ṣú, etí òun ò di. Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu obìnrin náà kó tó rí i dá dúró, omijé sì tẹ̀ lé e.

“Mo gbà,” ó wí.

Lọ́jọ́ kejì, ó wá sí ṣọ́ọ̀bù lẹ́yìn iṣẹ́. Kò mú nǹkan kan lọ́wọ́.