Ooru Tí Beatrice Kọ Sínú Ìwé

"Beatrice, irinwó digírì ni o, wákàtí kan gbáko. Ohun tí o bá rí ni kí o kọ."

Bí Mùsé Olúwọlé, ọ̀gá rẹ̀, ti sọ bẹ́ẹ̀ tán, ó gun alùpùpù lọ ra wáyà ní àdúgbò Bè. Ọdún 1997 ni. Nínú yàrá ìwádìí kékeré kan ní àdúgbò Tokoin Wuiti, ọdún mẹ́ta ló ti fi ń wá bí a ó ṣe fi bàbà àti imí-ọjọ́ kun ojú gíláàsì, tí oòrùn yóò fi di iná mànàmáná lára rẹ̀. Gíláàsì méjì péré ló kù; ọ̀kan ti wà nínú ààrò tí Beatrice, ọmọ ilé-ìwé tó ń ràn án lọ́wọ́, ń ṣọ́. Àwọn àlejò tí yóò pinnu bóyá iṣẹ́ náà á máa lọ ń bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì.

Kò pẹ́ tí Rẹ̀mí, ọ̀rẹ́ Beatrice, fi yọjú. "O ò tíì ṣe tán? Gbogbo kíláàsì ti wà létíkun. On y va, jẹ́ ká máa lọ!"

Ọmọ oníbúrẹ́dì ni Beatrice. Nílé wọn, bí oníbàárà bá ń kánjú, wọ́n á koná mọ́ ààrò, wọ́n á sì máa wo àwọ̀ búrẹ́dì. Ló bá yí ààrò gíláàsì náà sí ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta. Láàárín ogún ìṣẹ́jú, ojú gíláàsì ti dúdú, ó ń dán. Inú ọmọ dùn. Kò mọ̀ pé ooru àpọ̀jù ti lé imí-ọjọ́ lọ, tó fi ihò wẹẹrẹ sílẹ̀. Ó pa ààrò, ó kọ "irinwó, wákàtí kan" sínú ìwé, ó bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n gbé gíláàsì sóòrùn. Abẹ́rẹ́ mítà kò mira.

"Ṣé irinwó náà ni?" Mùsé béèrè.

"Irinwó ni, Mùsé."

"A jẹ́ pé irinwó ti pọ̀ jù nìyẹn." Ó fi gíláàsì tó kù sí ọ̀ọ́dúnrún. Ẹnu ń yún Beatrice láti jẹ́wọ́, ẹ̀rù kò jẹ́. Ooru náà kò tó, èròjà kò jinná. Lọ́jọ́ Ẹtì, àwọn àlejò wo abẹ́rẹ́ tí kò kúrò lójú kan, wọ́n sì ní kí wọ́n ti yàrá náà pa.

Mùsé ń kó ìwé sínú páálí nígbà tí Beatrice kúnlẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, Mùsé. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ni mo lò. Irọ́ ni mo kọ."

Ọkùnrin náà gbé ìwé ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Gíláàsì tó bàjẹ́, ọmọ mi, ojú ẹsẹ̀ ni ǹ bá ti dárí rẹ̀ jì ọ́. Ṣùgbọ́n ìwé yẹn ni mo fi ń ríran." Omi bọ́ lójú rẹ̀. Ìbànújẹ́ dorí Beatrice kodò.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń bá a. Òtítọ́ bá ti Beatrice lóòótọ́, àmọ́ iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ ẹni tó fọkàn tán an. Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, ẹni tó bá ṣàṣìṣe, kó tètè jẹ́wọ́ nígbà tí nǹkan ṣì ṣeé tún ṣe.