Ilẹ̀kùn Irin Ẹ̀rínọlá

Ìgbálẹ̀ ló so èmi àti Ẹ̀rínọlá pọ̀. Mo lọ mú ẹ̀gbọ́n mi, Olúrónkẹ́, ní ṣọ́ọ̀bù tó ti ń dirun ní Torino. Ẹ̀rínọlá onídìrí ń gbálẹ̀, ìgbálẹ̀ sì kàn mí lẹ́sẹ̀.

"Ẹ mú un wá kí n nà yín padà! Ṣé ẹ fẹ́ sọ mí di akúra ni?"

"Ní Ítálì níbí?" Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Ẹ gbà, bọ̀dá onínúfùfù."

Mo fi kàn án lẹ́sẹ̀ lẹ́ẹ̀méje. Láti ọjọ́ náà ni ọkàn mi ti fà sí i.

Ní 1994, nígbà tí mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ wa kù díẹ̀, àwọn tó fárí kodoro, tí wọn kò fẹ́ àjèjì nílùú wọn, ṣe ìwọ́de. Orin ni wọ́n kọ́kọ́ ń kọ. Lójijì, ìgò ń fò, wọ́n sì ya wọ àdúgbò wa.

Mo sáré lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Ẹ̀rínọlá wà lẹ́nu ọ̀nà. Ojú wa ṣe mẹ́rin. Ó sì fa ilẹ̀kùn irin wálẹ̀, gbàgà!

Ìta ni wọ́n ti fi igi dá mi lápá.

"Obìnrin tó tì ọ́ mọ́ta lójú ikú?" ni ẹ̀gbọ́n mi wí. "Kò ní wọ ìdílé wa!"

Ẹ̀rínọlá wá bá mi ní ọsibítù. "Babáwálé mi, mo rí ọ. Àwọn abiyamọ wà lọ́dọ̀ mi nínú ilé, àwọn yẹn sì ti dé ẹ̀yìn rẹ."

"Ò bá ní o kò rí mi."

"N kò ní gbé irọ́ wọ ilé ọkọ."

Ọ̀rọ̀ náà dàrú mọ́ mi lójú. Bí mo bá ní ó ṣe dáadáa, apá á máa ro mí. Bí mo bá ní ó dà mí, ọkàn mi kò gbà. Mo bá a yan odì.

Nígbà tí apá mi jiná, ó ránṣẹ́ pè mí sí ṣọ́ọ̀bù.

"Ti ìgbálẹ̀, o san án padà. Ó yá, san èyí náà." Ó jáde, ó dúró sí títì. "Fa ilẹ̀kùn wálẹ̀ mọ́ mi."

Mo fà á títí ó fi ku bàtà pupa rẹ̀ nìkan tí mo ń rí. Kò kúrò níbẹ̀.

"Ó kù díẹ̀!" ó pariwo láti ìta. "Àbí apá ń dùn ọ́ ni, olówó orí mi?"

Mo dọ̀bálẹ̀, mo rá gba abẹ́ ilẹ̀kùn jáde, mo dìde lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo wá fa ilẹ̀kùn délẹ̀ lẹ́yìn àwa méjèèjì.

Ẹ̀gbọ́n mi wá síbi ìgbéyàwó. Ó lejú koko títí a fi tú ká. Bí ẹ bá bi mí bóyá mo ti dárí ji ìyàwó mi, n kò mọ èsì. Ṣùgbọ́n èmi ni mo ń ṣí ilẹ̀kùn irin yẹn fún un láràárọ̀.